Ìbọn léjìká, ìwé òfin lápò: Ìdí tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà àti aráàlú tó ń gbé ìbọn kiri kò fi gbọ́ra wọn yé

Bí ọdẹ bá ń ti igbó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ṣakabùlà rẹ̀ wà léjìká, kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ yóò já ní abúlé Yorùbá. Ohun tí wọn yóò bi í ni ohun tó rí pa. Àwọn ọmọdé yóò sáré tẹ̀ lé e kí wọ́n lè wo ọ̀yà tàbí ìgalà tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ kan náà bá gbé ìbọn kan náà gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá lọ́sàn-án gangan, ọjà yóò tú, ọlọ́jà yóò gbàgbé owó sílẹ̀, ọlọ́pàá yóò sì dé kíá. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà tó ti wà láti ọdún 1959 kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àríyànjiyàn: ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, òfin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ fàyè gba aráàlú láti gbé ìbọn kọ́ èjìká tàbí kó fi í sí ìbàdí ní gbangba, kó gba ìgboro kọjá, kó wọ ilé ìtajà, kó sì dúró níbi ìwọ́de. Kò fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Gbogbo ojú ló ń rí i. Ọlọ́pàá tó bá pàdé rẹ̀ ní láti mọ̀, kí ojú tó ṣẹ́, bóyá ẹni tó ń lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lásán ni tàbí ẹni tó fẹ́ pààyàn. Inú àyè tóóró yìí ni ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn ti bọ́, ti ọlọ́pàá àti ti aráàlú. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé àwọ̀ ara ẹni tó gbé ìbọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ìbọn náà, àfi kó padà sí ìlú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1966.

ÀMỌ̀TẸ́KÙN DÚDÚ

Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan, Huey Newton àti Bobby Seale, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Black Panther Party for Self-Defense. Ẹni bá fẹ́ pe orúkọ náà ní Yorùbá kò ní ṣìnà bó bá ní Àmọ̀tẹ́kùn Dúdú, ẹgbẹ́ ìdáàbòbò ara ẹni. (Nígbà tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá gbé Àmọ̀tẹ́kùn tiwọn kalẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ohun ìjà àti irú ohun ìjà tó lè gbé náà ló kọ́kọ́ dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wọn àti ìjọba àpapọ̀. Orúkọ ẹranko kan náà, àríyànjiyàn kan náà.)

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Merritt ni Newton àti Seale ti pàdé. Ìran àwọn tó ṣí kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Louisiana ni wọ́n ti bí Newton, Texas ni wọ́n ti bí Seale. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló wá sí Oakland nígbà ogun àgbáyé kejì láti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ náà parí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò padà. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun tán. Ìlùkulù, ìdádúró lójú pópó láìnídìí àti ìwọ̀sí, ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ nípa wọn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ohun tó mú Newton yàtọ̀ ni pé ó jókòó ti ìwé òfin. Ó kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nínú òfin, ó sì rí i pé ní California ìgbà náà, òfin kọ̀ kí èèyàn fi ìbọn pamọ́ sára láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kò kọ̀ kó gbé e síta gbangba, kódà kí ọta wà nínú rẹ̀. Ó mọ ẹyọ òfin náà dé ibi tí ó ta kókó sí. Nítorí pé ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí lórí ọ̀rọ̀ ìjà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ìbọn ìléwọ́ dání, nítorí náà ìbọn gígùn nìkan ló máa ń gbé. Bí wọ́n bá wà nínú ọkọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọta wọ inú ihò ìbọn gígùn, nítorí pé òfin àwọn ọdẹ ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìgboro, ó di ohun tó bófin mu. Owó tí wọ́n fi ra àwọn ìbọn kan, ìwé pupa kékeré tí í ṣe ti Mao, olórí ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Berkeley kí wọ́n tó rí i. Wọ́n rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n tà á lówó gọbọi, wọ́n fi èrè ra ìbọn. Ó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín síyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò wọ ẹ̀wù awọ dúdú àti fìlà bẹ́rẹ́ẹ̀tì dúdú, wọn yóò sì máa wa ọkọ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ ọlọ́pàá káàkiri Oakland lóru. Bí ọlọ́pàá bá dá aláwọ̀ dúdú kan dúró, wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Wọn yóò dúró sí ibi tó jìnnà tó bí òfin ṣe fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n dí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́. Ẹnu ìbọn wọn yóò kọjú sókè tàbí sí ilẹ̀, kò ní kọjú sí ènìyàn. Newton yóò ṣí ìwé òfin, yóò sì máa kà á sókè fún ẹni tí wọ́n mú, kó lè mọ ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí àti ohun tí kò yẹ kó dáhùn. Àwọn ará àdúgbò yóò jáde wá wòran. Ọlọ́pàá tó ti mọ́ lára láti máa pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn yóò wá rí i pé àwọn ọmọ tó ń wò ó yìí gbé ìbọn tó tóbi ju tirẹ̀ lọ, wọn kò sì rú òfin kankan.

Lóṣù Kejì ọdún 1967, Betty Shabazz, opó Malcolm X, wá sí San Francisco. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn Dúdú ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tìbọntìbọn, wọ́n sì sìn ín dé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Níta ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti dí wọn lọ́nà. Ọlọ́pàá kan àti Newton kojú ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró bí ọ̀pá. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń retí ni pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn. Ọlọ́pàá náà ló padà sẹ́yìn. Ìròyìn náà tàn káàkiri bí iná inú ọyẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹgbẹ́.

Kò sí ìjọba tí yóò máa wo irú èyí níran. Don Mulford, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin California láti agbègbè Oakland, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, gbé àbá òfin kan síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 1967: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ kiri ní ìgboro mọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ àwọn tí àbá náà ń bá wí.

ỌJỌ́ KEJÌ OṢÙ KARÙN-ÚN ỌDÚN 1967

Lọ́jọ́ yìí ni ọgbọ̀n ọmọ ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin 24 àti obìnrin mẹ́fà, wọkọ̀ láti Oakland lọ sí Sacramento, olú ìlú California. Newton kò lọ, nítorí pé ó ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé-ẹjọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan fi mú un. Bobby Seale ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ìbọn. Ronald Reagan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà lóṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, wà lórí pápá iwájú ilé ìjọba pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé kan nígbà tí wọ́n dé. Àwọn oníròyìn tó wá wo gómìnà àti àwọn ọmọdé bá sáré kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé àwọn oníbọn. Ìyẹn gan-an ni Seale fẹ́.

Wọ́n wọ inú ilé ìgbìmọ̀ lọ. Ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣìnà, wọ́n já sí àárín àwọn aṣòfin gan-an. Ẹ̀rù ba àwọn aṣòfin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gba ìbọn wọn, wọ́n kó wọn jáde. Wọ́n wá rí i pé kò sí òfin tí àwọn èèyàn náà rú pẹ̀lú ìbọn wọn, wọ́n sì dá a padà fún wọn. Seale ka ìwé tí Newton kọ fún un níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n ní àbá òfin Mulford, ìgbìyànjú láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú ni, kí ọlọ́pàá lè máa fi wọ́n ṣe ohun tó bá wù ú. Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ni ọkọ̀ wọn kan yà sí ilé epo, ni àwọn ọlọ́pàá bá bò wọ́n, wọ́n kó wọn. Seale ṣẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó da ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ rú.

Bí wọ́n bá jókòó sílé, bóyá àbá òfin náà ì bá ṣì falẹ̀. Ìbẹ̀wò yìí ló fún un níyẹ̀ẹ́. Reagan fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1967. Gómìnà náà sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò rí ìdí kankan tí aráàlú yóò fi máa gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ kiri ìgboro. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NRA, tí ayé òde òní mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá gbogbo òfin tó bá fẹ́ dín ìbọn kù, wà lẹ́yìn òfin Mulford.

Kì í ṣe pé ohun tuntun ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí lọ́dún 1865, tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, lára ohun tí ìpínlẹ̀ Mississippi kọ́kọ́ ṣe lọ́dún náà ni pé ó ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Inú ìwé òfin ilẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ ọ́ láti ọdún 1791 pé ẹ̀tọ́ aráàlú láti ní ohun ìjà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ta ni à ń pè ní aráàlú ló wà nílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1967 kan náà, ìbọn dún láàárín Newton àti ọlọ́pàá méjì tó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Oakland. Ọlọ́pàá kan kú, èkejì fara gbọta, ọta ba Newton náà níkùn. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà lọ́dún 1970. Lóṣù Kẹrin ọdún 1968, ọlọ́pàá pa Bobby Hutton, ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn àwọn olùdásílẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni. Lóṣù Kejìlá ọdún 1969, ọlọ́pàá wọlé tọ Fred Hampton, olórí wọn ní Illinois, lọ ní Chicago láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n pa á lórí ibùsùn rẹ̀. Ọmọ ọdún 21 lòun. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ló ń fún àwọn ọmọ iléèwé lóúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1969, iṣẹ́ tó ṣe àdúgbò wọn láǹfààní ju ìbọn lọ, ṣùgbọ́n àwòrán ìbọn ni ayé ń rántí.

Ẹ̀GBẸ́ KEJÌ OWÓ ẸYỌ

Láti ọdún 1977 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NRA kan ti gba àkóso ẹgbẹ́ náà níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Cincinnati, wọ́n sì yí i padà sí ẹgbẹ́ òṣèlú líle tí kì í gbà fún òfin ìbọn. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí Newton ń jà fún lọ́dún 1967 di ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n fẹ́ràn Reagan ń jà fún. Ó ṣẹlẹ̀ ní California náà. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nílé ìmukọfí pẹ̀lú ìbọn tí kò ní ọta nínú ní ìbàdí, nítorí pé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ nìkan ni òfin Mulford dárúkọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún ṣe òfin mìíràn lọ́dún 2011 láti dí ihò yẹn.

Texas gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1871 ni ìpínlẹ̀ náà ti kọ̀ kí aráàlú máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ní gbangba. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2016, wọ́n fàyè gbà á fún ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n mú ìwé àṣẹ kúrò: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kọ̀ fún un láti ní ìbọn, lè gbé e. Nígbà tí South Carolina ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2024, òun ló ṣe ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn ni pé ìpínlẹ̀ 29 ló ti ń jẹ́ kí èèyàn gbé ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà ti sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2008, ó ní ẹ̀tọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ni láti ní ìbọn nílé. Lóṣù Kẹfà ọdún 2022, nínú ẹjọ́ tó dá lórí òfin New York kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ní ẹ̀tọ́ náà kò parí sẹ́nu ọ̀nà ilé.

Kí wá ni ọlọ́pàá yóò ṣe? Ká gbé ọ̀rọ̀ àwọn náà yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tó ń wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan yóò fi fóònù pe ọlọ́pàá pé òun rí ọkùnrin kan tó gbé ìbọn. Ẹni tó pè kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá tí wọ́n rán kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá dé ibẹ̀ tó rọra, ó lè jẹ́ apànìyàn ló ń rọra bá sọ̀rọ̀. Bó bá yìnbọn, ó lè jẹ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ló pa. Òfin sì so ó lọ́wọ́. Lọ́dún 2010, ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkùnrin kan ń rìn gbẹ̀fẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ àti ajá wọn, ìbọn wà nínú àpò rẹ̀ ní ìbàdí. Ẹnìkan tó ń kọjá fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ó gba ìbọn náà, ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2015, àwọn adájọ́ kò dá ọlọ́pàá náà láre: bí òfin bá ti fàyè gba ìbọn ní gbangba, rírí ìbọn nìkan kò tó ìdí láti fura sí ènìyàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dallas ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 2016, àwọn èèyàn ń wọ́de ní ìgboro Dallas nítorí aláwọ̀ dúdú méjì tí ọlọ́pàá pa láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀kan ní Louisiana, ọ̀kan ní Minnesota. Ìwọ́de náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn olùwọ́de. Lójijì ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Jagunjagun tẹ́lẹ̀ rí kan ló ń yìnbọn pa ọlọ́pàá. Márùn-ún kú, àwọn mìíràn fara gbọta.

Ọ̀gá ọlọ́pàá Dallas, David Brown, aláwọ̀ dúdú, sọ lẹ́yìn náà pé èèyàn bí 20 sí 30 ló gbé ìbọn gígùn wá síbi ìwọ́de náà gẹ́gẹ́ bí òfin Texas ṣe fàyè gbà wọ́n. Àwọn kan tún wọ ẹ̀wù tí ọta kì í ràn. Nígbà tí ìbọn dún, àwọn wọ̀nyí ń sá bí gbogbo èèyàn ṣe ń sá, ìbọn léjìká. Ọlọ́pàá kò mọ èyí tí wọn yóò lé. Wọ́n gbé fọ́tò ọkùnrin dúdú kan tó gbé ìbọn jáde lórí Twitter pé òun làwọn ń wá. Ọkùnrin náà kò yìnbọn rárá. Bó ṣe gbọ́, ó lọ fà ìbọn rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lórí Twitter ọlọ́pàá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹnìkan tó ń bínú bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lóru ọjọ́ náà, òmíràn ni à bá máa sọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún pa ọlọ́pàá mẹ́ta ní Baton Rouge. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican fẹ́ ṣe àpéjọ ńlá rẹ̀ ní Cleveland lọ́jọ́ kejì, ní Ohio níbi tí gbígbé ìbọn ní gbangba ti bófin mu. Olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú náà bẹ gómìnà John Kasich pé kó dá òfin náà dúró títí àpéjọ yóò fi parí. Gómìnà ní òun kò lágbára bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú ti ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú wọ agbègbè àpéjọ náà, bọ́ọ̀lù tẹníìsì sì wà lára rẹ̀. Ìbọn kò sí níbẹ̀.

ẸNI TÓ GBÉ E

Ohio yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ọdún 2014 ti ṣẹlẹ̀, lóṣù Kẹjọ, ní Beavercreek. Ọmọkùnrin dúdú ọmọ ọdún 22 kan ń rìn nínú ilé ìtajà ńlá kan, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó mú ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí ilé ìtajà náà ń tà lórí pẹpẹ, ó ń gbé e káàkiri. Oníbàárà kan pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, wọ́n yìnbọn fún un, ó kú. Bí ìbọn gidi tí ọta kún inú rẹ̀ bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin Ohio kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn aráàlú tí wọ́n kó jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá náà.

Ẹni tí wọ́n pa ní Minnesota, ní Falcon Heights, lọ́jọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 2016, ti fi ìbọn pamọ́ ní tirẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé. Iléèwé ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ. Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìbọn wà lára òun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn oníbọn pé kí wọ́n máa sọ. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tán tí ọlọ́pàá náà fi yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀méje, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà láre lọ́dún 2017. NRA, tó máa ń pariwo bí wọ́n bá fọwọ́ kan oníbọn kan, falẹ̀ púpọ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì sọ kò nípọn.

Ẹni bá fẹ́ wo òdìkejì rẹ̀, kó wo Lansing, olú ìlú Michigan, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2020. Àrùn Kòrónà ti mú kí gómìnà Gretchen Whitmer sé ìlú mọ́lé. Àwọn tó ń bínú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun tán, gbé ìbọn ogun wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn kan dúró sókè níbi ìjókòó òǹwòran, ìbọn lọ́wọ́, wọ́n ń wo àwọn aṣòfin nísàlẹ̀. Àwọn aṣòfin kan wọ ẹ̀wù tí ọta kì í ràn. Kò sí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn aláwọ̀ dúdú kan gbé ìbọn wá, wọ́n sì sin aṣòfin obìnrin dúdú kan, Sarah Anthony, wọ ilé ìgbìmọ̀ náà. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta lẹ́yìn Sacramento! Ní ti Michigan, ó gbà ju oṣù mẹ́jọ lọ, ó sì gbà pé kí àwọn jàǹdùkú kọ́kọ́ ya wọ ilé ìgbìmọ̀ àgbà ní Washington, kí wọ́n tó sọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn ní gbangba wọ inú ilé náà mọ́. Ti California ọdún 1967 kò gbà tó oṣù mẹ́rin.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kan náà ni ọmọ ọdún 17 kan, aláwọ̀ funfun, gbé ìbọn gígùn rìn láàárín ìwọ́de ní Kenosha, ní Wisconsin. Ó yìnbọn pa èèyàn méjì, ó ṣe ẹnì kẹta léṣe. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá, ìbọn ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì wakọ̀ kọjá lára rẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn tó gbẹ́jọ́ rẹ̀ ní ara rẹ̀ ló gbà sílẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Ohun tí àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú ń bèèrè ni bí ọmọ tiwọn ì bá ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá.

ÀWỌN ỌMỌ YORÙBÁ TÓ WÀ NÍ TEXAS

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àlọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá. Houston wà lára ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, Dallas náà kò kéré. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń dàgbà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ tí ìbọn wà nílé bàbá wọn bí àdá ṣe máa ń wà nílé àgbẹ̀. Bàbá tó ti Ìjẹ̀bú tàbí Òṣogbo lọ lè rò pé òfin tó fàyè gba aládùúgbò òun fàyè gba òun náà, kó lọ ra ìbọn, kó fi sí ìbàdí. Lórí ìwé, bó bá ti ní gíríìnì káàdì tàbí tó ti di ọmọ ilẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, òfin kò kọ̀ fún un. Lójú pópó, ọlọ́pàá tó dá a dúró kò ní rí ìwé kan kó tó rí àwọ̀ rẹ̀.

Ohun tí àwọn òbí tó gbọ́n ń kọ́ ọmọ wọn níbẹ̀ ni pé bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí ìdarí ọkọ̀, kí iná inú ọkọ̀ wà ní títàn bó bá jẹ́ òru, kí ọmọ má ṣe na ọwọ́ sínú àpò tàbí sábẹ́ ìjókòó láìjẹ́ pé ọlọ́pàá sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Bí ìbọn bá wà nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí ẹni tó kú ní Falcon Heights sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Àwọn kan wà tí òfin kò tilẹ̀ fàyè gbà rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà ìwé kíkà, ẹni tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí físà àlejò, ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà pé kí irú wọn ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, yàtọ̀ sí àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìdẹgbó. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú, tó ń fara pamọ́, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kódà bí ọ̀rẹ́ bá gbé tirẹ̀ fún un pé kó yin mélòó kan wò ní oko, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún àwọn ará ilé, fọ́tò náà lè di ẹ̀rí. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, ìdápadà sí Nàìjíríà sì wà lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n.